Kì í ṣe ajílẹ̀ ló ń gba ẹ̀wà lọ́wọ́ Striga

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ìdí tí irú ẹ̀wà kan fi dúró digbí nínú oko yín, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń gbẹ nítorí Striga, èpò tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ẹ̀wà tó sì ń mu ún, àti bóyá ajílẹ̀ ló fa ìyàtọ̀. Rárá o. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ tàn yín.

Ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ èpò yìí. Ẹ̀wà mi á rọ lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì tutù. Ewé á pọ́n, igi ẹ̀wà á ràn, òdòdó á rẹ̀ dànù kó tó di èso. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá wò ó ní ọ̀dá ni. Ọ̀dá, nínú ilẹ̀ tó rin gbingbin! Etí oko ló dúró sí, kò bẹ̀rẹ̀, kò hú igi ẹ̀wà kan ṣoṣo wò. Èyí tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ní ọ̀mọ̀wé ni, ní ajílẹ̀ ni kò tó. Mo fọ́n ajílẹ̀, ewé tún pọ́n sí i. Nígbà tí èpò náà fi máa yọrí jáde pẹ̀lú òdòdó aláwọ̀ àlùkò rẹ̀, ó ti mu ẹ̀wà náà gbẹ lábẹ́ ilẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn: gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ òjò, nínú ilẹ̀ ni ọ̀ràn wà.

Ìgbà tí wọ́n wá rí òdòdó, ìmọ̀ràn wo ni wọ́n mú wá? "Striga ni? Ẹ gbin ẹ̀wà, ẹ̀wà ló ń pa á run." Nínú oko ẹ̀wà! Striga hermonthica, tó ń mu àgbàdo àti ọkà bàbà, ni wọ́n kà nínú ìwé. Òótọ́ ni pé ẹ̀wà lè mú irúgbìn ìyẹn hù, kó má rí gbòǹgbò tó lè mu, kó sì kú. Ṣùgbọ́n Striga gesnerioides ni èyí tó ń mu ẹ̀wà. Orúkọ ìdílé ló pa wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè yín. Irúgbìn Striga kéré bí eruku, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìhù. Kì í hù àfi tó bá gbọ́ òórùn èròjà kan tí gbòǹgbò ń tú jáde, strigolactone. Ẹ̀wà kò tú u fún Striga. Àwọn olú tíntìntín inú ilẹ̀ tó ń bá a wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn kan, ló ń pè, tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá sì wọ́n nínú ilẹ̀, ó máa ń pè wọ́n gan-an. Ajílẹ̀ lè dín ìpè yẹn kù. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Àwọn irú ẹ̀wà faba kan wà tó jẹ́ pé ìpè wọn kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Orobanche, èpò mìíràn tó ń mu gbòǹgbò, kì í fi í hù púpọ̀ nídìí wọn.

Ti B301 yàtọ̀. Ẹ̀wà ìbílẹ̀ láti Botswana ni. Striga á hù nídìí rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, á tilẹ̀ ki ẹnu bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti máa dá a mọ̀. Ara gbòǹgbò tó yí ojú ibi tó wọlé ká á kú, á di dúdú rẹ́súrẹ́sú, Striga ò ní rí nǹkan kan mu mọ́, á sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní 2009, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science nípa jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ẹ̀wà, tó ń ṣe iṣẹ́ ìdámọ̀ yìí, RSG3-301. Nígbà tí wọ́n pa jíìnì náà lẹ́nu mọ́, Striga ẹ̀yà SG3 mu B301 bó ṣe ń mu èyíkéyìí. Ajílẹ̀ wo ló fẹ́ fún ẹ̀wà ní jíìnì?

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ "ẹ̀yà" yẹn. Striga ẹ̀wà pín sí oríṣiríṣi ẹ̀yà, èyí tí wọ́n rí ní Zakpota ní orílẹ̀-èdè Benin, SG4z, borí B301 fúnra rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ní irúgbìn òun "kì í mú Striga", ẹ bi í pé Striga ibo. Wọn kì í fẹ́ràn ìbéèrè yẹn.

Tí òdòdó èpò náà bá jẹ́ yẹ́lò, kì í ṣe Striga, Alectra vogelii nìyẹn, èpò mìíràn tó ń mu gbòǹgbò ẹ̀wà. Ó ń mu ẹ̀pà àti sóyà náà, nítorí náà ẹ má sá kúrò nídìí ẹ̀wà lọ bá ẹ̀pà. B301 ń dènà òun náà, bẹ́ẹ̀ ni irú ẹ̀wà IT97K-499-35 tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ṣe, tí wọ́n ń pè ní SAMPEA 10 ní Nàìjíríà. Oògùn apakoríko tí wọ́n bá ní kí ẹ fín lẹ́yìn tó ti yọ òdòdó, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ẹ hú igi kan nínú èyí tó dúró digbí yẹn, ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀, ẹ mọ ìyókù. Ẹ wú u pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ o, tí ẹ bá fà á, ohun tí ẹ ń wá á já sílẹ̀. Kókó róbótó tí inú rẹ̀ pọ́n, ti ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀. Kókó tí ọ̀mùnú ń yọ lára rẹ̀ ni Striga. Tí ẹ bá rí àpá dúdú kéékèèké nìkan, ẹ̀wà náà ń dènà rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí Striga bá rọ̀ mọ́ ọn, tí ẹ̀wà sì ń so bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló kàn ń fara dà á, ó ń bọ́ èpò tí yóò tún da irúgbìn sílẹ̀ fún yín. Èyí tó ń dènà ni kí ẹ tọ́jú irúgbìn rẹ̀, ẹ má sì lù ú níbi kan náà pẹ̀lú èyí tó ń gbẹ, torí irúgbìn Striga máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀wà.