Wọ́n fi irin lọ́ọ̀kì táyà mi, wọ́n tún gba NIN mi: ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Ìgbọ̀nà l'Óṣogbo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí n já ẹrù, kí n tó yíjú padà àwọn ọmọkùnrin kan ti fi irin lọ́ọ̀kì táyà mi, wọ́n ní ìjọba ló gbé kọ́ńtíráàtì fún ilé iṣẹ́ àwọn. Mo sanwó, wọ́n tún gba nọ́ńbà fóònù mi àti NIN, wọ́n ya láísẹ́ǹsì mi ní fọ́tò. Lọ́jọ́ kẹta ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí pè mí, ó dárúkọ mi, ó dárúkọ àdúgbò mi, ó ní mo ṣì jẹ gbèsè. Àbúrò mi tó wà ní London ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn, pé kí n san án kí n sinmi. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ màmá. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹni tó pè yín yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó páàkì lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ àti NIN yín lọ́tọ̀, àwọn ọmọ yẹn ló lọ́ ọ pọ̀. Ní ti páàkì, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọjà àti páàkì ọkọ̀ sábẹ́ kánsù, torí náà kánsù Òṣogbo tàbí Ọlọ́rundá lè ṣòfin lé e lórí, wọ́n sì lè gbéṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ aládàáni, àmọ́ òfin yẹn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lóòótọ́, kọ́ńtíráàtì lásán ò tó. Ní 2014 kóòtù gíga kan l'Ábújá dá irú owó páàkì bẹ́ẹ̀ dúró torí pé kò sí òfin kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n ní kánsù, kí wọ́n fi ìwé hàn yín. Tí ìwé bá wà, tó sì jẹ́ pé ojú títì lẹ dí lóòótọ́, owó tẹ́ ẹ san yẹn ti lọ nìyẹn.

Ibi tí inú ti ń bí mi gan-an ni ti láísẹ́ǹsì. Ọlọ́pàá, FRSC àti VIO lòfin fún lágbára láti ní kí awakọ̀ mú láísẹ́ǹsì wá, kì í ṣe ọmọ tó ń gba owó páàkì. Ẹ sì wo ohun tó wà lójú páálí kékeré yẹn: orúkọ yín ní kíkún, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí. Ṣé fóònù ilé iṣẹ́ ni ọmọ yẹn fi yà á ni àbí ti ara ẹ̀? Tó bá jẹ́ ti ara ẹ̀, ó ti wà láàárín fọ́tò ẹbí àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ó lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹnikẹ́ni, tí wọ́n bá lé e níbi iṣẹ́ lọ́la ó ń gbé e lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹni tó pè yín ti rí àdúgbò yín.

Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, tí Ààrẹ fọwọ́ sí lóṣù kẹfà 2023, sọ pé ohun tí iṣẹ́ bá nílò nìkan ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ èèyàn, wọn ò sì gbọdọ̀ lò ó fún nǹkan míì. Nọ́ńbà ọkọ̀ àti fọ́tò ibi tó dúró sí ti tó fún owó páàkì, kí ni wọ́n fẹ́ fi NIN ṣe? Tí wọ́n bá sì sọ pé ẹ̀yin lẹ fínnúfíndọ̀ fún wọn, irọ́ ni, irin wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ẹrù wà nínú búùtù, oníbàárà ń dúró, ìyẹn kì í ṣe ìfínnúfíndọ̀.

Àbúrò yín ò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Nílùú Ọba, DVLA, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, máa ń fún ilé iṣẹ́ páàkì ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ni ọkọ̀, £2.50 lórí ọkọ̀ kan, àmọ́ ilé iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí ìjọba mọ̀, gbèsè páàkì yẹn nìkan ló sì lè fi lé. Irin tí wọ́n fi ń lọ́ọ̀kì táyà lórí ilẹ̀ aládàáni, òfin 2012 ti fòfin dè é ní England àti Wales.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní kánsù kí wọ́n sì bá yín fi sítáǹpù lu tiyín. Ẹ bèèrè pé kí ni wọ́n ní lọ́wọ́ nípa yín, ta ni wọ́n ti fún, ẹ ní kí wọ́n pa NIN àti fọ́tò láísẹ́ǹsì rẹ́. Òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ẹ̀. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ fẹjọ́ sùn ní Nigeria Data Protection Commission, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin ìsọfúnni yìí, wọ́n ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wọkọ̀ lọ Àbújá. Ilé iṣẹ́ kékeré pàápàá lè san mílíọ̀nù méjì náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ tọ́jú risíìtì yín, ẹ má pa nọ́ńbà ẹni tó pè yín rẹ́. Tó bá tún pè, ẹ ní kó fi ìwé gbèsè yẹn ránṣẹ́ láti ilé iṣẹ́, tó bá jẹ́ àkáǹtì ara ẹ̀ ló ní kẹ́ ẹ sanwó sí, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìyẹn.