Kí ló dé tí tẹlifíṣọ̀n Rọ́ṣíà fi gbé àwòrán Vlad Listyev sójú láti àárọ̀ dalẹ́?

Ìbéèrè: Mo rí fídíò àtijọ́ kan láti Rọ́ṣíà. Àwòrán ọkùnrin onígíláàsì kan ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀, kò sì sí ètò mìíràn rárá. Ta ni? Ṣé àṣà wọn nìyẹn? Ohun tí mo ti ń gbọ́ ni pé ijó baléè ni wọ́n máa ń fi hàn tí èèyàn ńlá bá kú.

Ìdáhùn: Vladislav Listyev, gbajúmọ̀ atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n, ni ọkùnrin yẹn, Vlad ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1995 ni ohun tí ẹ rí ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì wà níbẹ̀ kò ju pé wọ́n ti pa Vladislav Listyev. Ọ̀tọ̀ ni àṣà baléè, ọ̀tọ̀ ni ti àwòrán. Ìjọba ló ni baléè. Inú ilé àwọn èèyàn ni ti àwòrán ti wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìjọba ṣáájú. Ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1982 ni Brezhnev, olórí Sófíẹ̀tì, orílẹ̀-èdè tí Rọ́ṣíà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kú. Ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọlọ́pàá ni, ọjọ́ tí tẹbí tará máa ń jókòó de àríyá orin ńlá lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́. Wọ́n wọ́gi lé àríyá náà, wọn ò sì sọ ìdí ẹ̀ fẹ́nikẹ́ni. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó kéde ikú. Nígbà tí Andropov tó gbapò rẹ̀ kú lọ́dún 1984, tí Chernenko náà tẹ̀ lé e lọ́dún 1985, àwọn aráàlú ti mọ̀ ọ́n: bí orin ọ̀fọ̀ tàbí baléè bá ti gba afẹ́fẹ́, ẹnì kan ti lọ ní Kremlin, ibùjókòó ìjọba. Kò yẹ kó ṣòro fún wa láti lóye, àwa tí ọba wa máa ń wàjà tí ẹnikẹ́ni ò sì ní lanu sọ ọ́ kí àwọn ìjòyè tó sọ ọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí àwọn kan fẹ́ gbàjọba mọ́ Gorbachev, olórí Sófíẹ̀tì ìgbà náà, lọ́wọ́, Swan Lake, baléè tí Tchaikovsky kọ orin rẹ̀, ni tẹlifíṣọ̀n gbé sí i. Ẹnikẹ́ni ò kú lọ́jọ́ náà, àmọ́ àwọn èèyàn mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹ̀. Ohun tí baléè ń sọ ò ju pé: nǹkan ti ṣẹlẹ̀, a ò sì tíì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n.

Inú tẹlifíṣọ̀n irú èyí ni Listyev bá wọlé. Moscow ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1956. Sárésáré ni nígbà èwe rẹ̀, kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní yunifásítì ìjọba tó wà nílùú náà. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ rédíò, ní ẹ̀ka tó ń bá àwọn ará òkèèrè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 1987 ni òun pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi Alexander Lyubimov àti Dmitry Zakharov bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Vzglyad, ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ọdún yẹn náà ni Sófíẹ̀tì ṣíwọ́ dídí BBC lọ́nà lórí afẹ́fẹ́, ìjọba sì ń wá ohun tí yóò mú kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ tilé dípò tòkèèrè.

Wọ́n rí i, àní ó ju ohun tí wọ́n ń wá lọ. Ẹni tó ń ka ìròyìn látijọ́ máa ń wọ kóòtù, yóò dijú mágbárí, yóò sì ka ohun tí wọ́n kọ fún un. Àwọn ọmọ Vzglyad wọ súwẹ́tà, wọ́n ń bára wọn jiyàn, orin àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń dún láàárín ìròyìn kan sí èkejì. Lọ́dún 1989, Mark Zakharov tó ń darí eré orí ìtàgé jókòó síbẹ̀, ó ní ó yẹ kí wọ́n gbé òkú Lenin, ẹni tó dá Sófíẹ̀tì sílẹ̀, kúrò ní gbàgede tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, kí wọ́n lọ sin ín bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn. Lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba o! Nígbà tí ọdún 1990 fi ń parí, wọ́n ti ètò náà pa.

Listyev ò dúró níbẹ̀. Lọ́dún 1990 náà ló bẹ̀rẹ̀ Pole Chudes, eré ìdárayá tí wọ́n ń yí àgbá, tí wọ́n sì ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan méfò ọ̀rọ̀. Leonid Yakubovich gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ètò náà ò sì kú títí dòní. Àwọn olùdíje máa ń gbé oyin, ẹ̀fọ́ inú ìgò àti oríṣiríṣi oúnjẹ ìlú wọn wá fún atọ́kùn ètò, torí pé wọn kì í lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo. Lọ́dún 1994 ló bẹ̀rẹ̀ Chas Pik, níbi tó ti ń fọ̀rọ̀ wá àlejò kan lẹ́nu wò. Ṣòkòtò olókùn èjìká tó ń wọ̀, ara Larry King, atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ló ti kọ́ ọ, kò sì fi bò.

Ní oṣù kìíní ọdún 1995 ni wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà ORT, ilé-iṣẹ́ tuntun tí yóò gba ìkànnì kìíní. Lójú tèmi, àtibẹ̀ ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Owó ìpolówó ọjà lórí ìkànnì yẹn pọ̀ jọjọ, ọwọ́ àwọn alágbàtà ló sì ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì, Listyev kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ìpolówó ọjà yóò dáwọ́ dúró ná. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ó ti ibi iṣẹ́ Chas Pik bọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa á lẹ́nu àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní òpópónà Novokuznetskaya. Wọn ò fọwọ́ kan owó tó wà lára rẹ̀. Ẹni ọdún 38 ni. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ti dá, àmọ́ títí dòní, ilé-ẹjọ́ ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ibi tí ìbéèrè yín wà nìyí. Bí èèyàn bá kú nílé àwọn ará Rọ́ṣíà, wọ́n máa ń gbé àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n á so rìbọ́n dúdú mọ́ igun rẹ̀, wọ́n á bu ọtí vodka síwájú rẹ̀, wọ́n á sì fi búrẹ́dì dé ife náà lórí. Wọ́n á fi aṣọ bo dígí ilé, àwọn mìíràn a tún bo tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú. Ó ń bẹ níbẹ̀ títí di ogójì ọjọ́. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣe fún Vlad nìyẹn: wọ́n pa ètò tì, wọ́n gbé àwòrán ọmọ ilé sójú tábìlì, wọ́n sì sọ pé ṣe ni wọ́n pa á láìfi orin bò ó. Ààrẹ Yeltsin fúnra rẹ̀ wá sí Ostankino, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, lọ́jọ́ yẹn, ó sì yọ agbẹjọ́rò àgbà àti ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Moscow nípò.

Baléè ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba nìkan kọ́ ló ń lò ó mọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí Dozhd, tẹlifíṣọ̀n aládàáni, máa ṣíwọ́ iṣẹ́ torí ìfúngbẹ̀ ìjọba lórí ìròyìn ogun Ukraine, Swan Lake náà ni wọ́n fi pa ilẹ̀kùn dé. Ìjọba ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

Bí ẹ bá lọ sí ibojì Vlad ní itẹ́ òkú Vagankovo ní Moscow, iye tó ṣeé pín sí méjì ni kẹ́ ẹ ra òdòdó: méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Òkú ló ni irú iye bẹ́ẹ̀. Alààyè ló ni ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún. Ẹ má gbé mẹ́rin lọ bá obìnrin tó ń ṣọjọ́ ìbí o, yóò rò pé ikú lẹ̀ ń fẹ́ fún òun.