Ìdáhùn sí lẹ́tà aránṣọ kan: oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n

Àbúrò mi aránṣọ ti Òṣogbo, lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú kálámù. Kí àwọn òǹkàwé yòókù lè bá wa lọ, mo kó kókó rẹ̀ jọ báyìí. Ọmọ ọdún 36 ni ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí o fi ń sunkún láìnídìí, dókítà fún ọ ní sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, 50 mílígíráàmù; nígbà tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá tí ara kò tíì yá tó, ó sọ ọ́ di 100. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n bí o bá fẹ́ fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́, tí òógùn ń bò ọ́ lóru, tí o ń yán ṣáá láìsí oorun lójú rẹ, tí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ sì ti kúrò lọ́kàn rẹ pátápátá. Nígbà ààwẹ̀ ìjọ yín, o pa oògùn náà tì fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì dà bí ẹni pé iná mànàmáná ń ta ọ́ nínú orí. Ní ọjọ́ kẹfà, o gbé hóró méjì mì pọ̀ kí o lè dí èyí tí o ti fò, o sì bì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o máa gé hóró náà sí mẹ́rin, kí o máa lo ìdá kan. Ìwọ sì ń bi mí bóyá 100 tí wọ́n kọ fún ọ túmọ̀ sí pé àìsàn rẹ burú ju ti aládùúgbò rẹ tó ń lo escitalopram 10 lọ.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí mo rí i pé òun ló dùn ọ́ jù. Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ rárá. Oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: sertraline 50, fluoxetine 20 àti escitalopram 10 ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún àgbàlagbà, sertraline sì lè gòkè dé 200 lójúmọ́ bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Ìwọ tí o ń fi téèpù wọn ènìyàn lójoojúmọ́ mọ̀ pé ìbàdí ínǹṣì 40 àti ìbàdí sẹ̀ǹtímítà 102 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nọ́ńbà nìkan ló jìnnà síra.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, òógùn òru àti yíyán tí kò ní oorun nínú kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà lára ohun tí irú oògùn yìí mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n sì sábà máa ń hàn gbangba nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sí i. Púpọ̀ nínú wọn a máa rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti ìbálòpọ̀ ló yàtọ̀, nítorí òun lè má lọ níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń lo oògùn náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà kì í béèrè rẹ̀, tí aláìsàn náà kì í sì í sọ. Dókítà lè dín oògùn náà kù, ó sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni ni a fi ń kọ “mi ò jẹ”. Sọ fún ọkọ rẹ pẹ̀lú pé oògùn ni, kí ó má baà rò pé òun ni o kọ̀.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí, tí mo dákẹ́ láìsọ fún dókítà. Lẹ́yìn ikú bàbá àwọn ọmọ mi, wọ́n kọ amitriptyline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mìíràn, 25 fún mi ní alaalẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n sọ ọ́ di 50. Ẹnu mi gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n mi ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu nígbà tí mo bá ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo sì ń fi tọ́mútọ́mú tú u. Oṣù méjì ni mo fi pa á mọ́ra, títí di òru ọjọ́ tí mo dìde lójijì láti lọ tọ̀, tí òòyì kọ́ mi, tí mo sì fi iwájú orí sọ férémù ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí dókítà fi dín in kù tó sì yí àkókò tí mo ń lò ó padà.

Ní ti iná mànàmáná inú orí, kì í ṣe àmì pé oògùn ti di bárakú fún ọ. Nǹkan bí ọjọ́ kan ó lé díẹ̀ ni ìlàjì sertraline fi ń kúrò lára, nítorí náà lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, díẹ̀ ló kù nínú èyí tó ti mọ́ ọpọlọ rẹ lára. Ìdí nìyí tí gígé sí mẹ́rin kò fi dára: láti 100 bọ́ sí 25 lẹ́ẹ̀kan náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí jíjá a dànù. Dókítà ni yóò máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó bá tó àkókò. Hóró tí a bá sì ti fò, a kì í fi ìlọ́po méjì san án padà. Bí ààwẹ̀ bá tún dé, béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá o lè máa lò ó lálẹ́ lẹ́yìn ìṣínu, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ òwúrọ̀.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni èyí tí o fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà bí ẹni tó ń ki ará ilé, pé o máa ń ra tramadol ní kẹ́mísí fún ẹ̀yìn ríro bí o bá ti jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Jọ̀wọ́, má tún lo tramadol pọ̀ mọ́ sertraline. Àwọn méjèèjì lè mú kí serotonin, èròjà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, pọ̀ jù lára, kí ara gbóná, kí iṣan máa fà, kí àyà máa yára lù, kí iyè dàrú. Wọ́n sì lè fa gìrì. Bí o bá rí irú èyí, tàbí bí èrò àtipa ara rẹ bá wá sí ọ lọ́kàn, tàbí tí ara rẹ kò gbà ọ́ láti jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí o kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan síbẹ̀ tí o ń yọ̀ tí o sì ń náwó bí ọlọ́lá, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọ lọ lọ́jọ́ náà.

Má fúnra rẹ pinnu iye tí o máa lò báyìí. Wá ọ̀nà bá dókítà rẹ sọ̀rọ̀ lónìí, kí o jẹ́ kí ó mọ̀ nípa ọjọ́ márùn-ún tí o fò àti hóró méjì tí o gbé mì pọ̀. Nígbà tí o bá sì lọ rí i, mú ìwé tí o fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ, kí o kọ ọjọ́ tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n àti wákàtí tí o ń lo oògùn sí ojú ewé òfo kan nínú rẹ̀. Mú páálí méjèèjì dání, ti tramadol náà pẹ̀lú.