Charoset alẹ́ Ìrékọjá: ẹ gbé ìyẹ̀fun yẹn kúrò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá Júù kan tí mò ń tọ́jú ní London ní kí n bá àwọn ṣe charoset, àdìdùn ápù àti walnut tí wọ́n ń jẹ lálẹ́ Ìrékọjá. Mo dán an wò, ó ṣàn bí omi. Ṣé mo lè fi ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i kó lè ki? N ò ní fi yíìsì sí i. Ṣé mo sì lè lo àsálà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyẹ̀fun yẹn kúrò nílé ìyá náà lónìí. Ọdọọdún ni wọ́n ń bi mí ní èyí, ibi kan náà ni wọ́n sì ti ń ṣì í: wọ́n rò pé yíìsì nìkan ni ìwúkàrà. Irọ́ ni. Ọkà márùn-ún ni òfin mú: àlìkámà, báálì, ráì, óòtì àti spelt. Bí omi bá kan ìyẹ̀fun wọn, tó sì pé ìṣẹ́jú 18 láìtíì yan, ó ti di chametz nìyẹn, ìyẹn ohun oníwúkàrà tí àwọn Júù kì í jẹ nígbà Ìrékọjá, ẹ̀ báà má fi yíìsì kàn án. Ìdí tí àwọn tó ń yan mátsà, búrẹ́dì aláìwú ti Ìrékọjá, fi ń sáré nìyẹn. Ìyẹ̀fun àgbàdo ńkọ́? Àwọn Júù tí ìran wọn ti àárín àti ìlà-oòrùn Yúróòpù wá kì í sábà jẹ ẹ́ nígbà ọdún yìí; ọ̀pọ̀ àwọn Sẹ́fádì, ìyẹn àwọn Júù tí ìran wọn ti Sípéènì wá, ń jẹ ẹ́. Ẹ bi ìyá.

Ó jọ pé ẹ rin ápù náà ni. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé e wẹ́wẹ́: ápù 3, walnut ife 1 tí ẹ gún wómúwómú, sínámónì ṣíbí kékeré 1, wáìnì pupa dídùn ṣíbí ńlá 3, oyin díẹ̀. Bó bá ṣì ṣàn, ẹ fi walnut kún un, tàbí dàbínò tí ẹ gún. Tí ápù bá pọ́n bí ilẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Amọ̀ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pò fún Fáráò ló dúró fún, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àsálà kì í ṣe walnut yẹn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ló pa wọ́n pọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀.

Lára ìgò wáìnì, "kosher" (pé ó bá òfin oúnjẹ Júù mu) nìkan kò tó; kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà fún Ìrékọjá. Bí ìyá bá ń lo oògùn, omi àjàrà ni kí ẹ lò títí dókítà wọn yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹ sì bèèrè bóyá walnut ń ba ara àlejò kankan jà, torí ó lè pànìyàn.

Abọ́ àti ọ̀bẹ tí ìyá yà sọ́tọ̀ fún ọdún yìí nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Bí ìyẹ̀fun bá ti kan èyíkéyìí, ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ dákẹ́. Ẹ sọ fún ìyá, kí wọ́n bi rábì wọn. Èmi kì í ṣe rábì.