Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Omi Òkun Gbóná, Iyùn Kan Kú, Èkejì Ò Kú

Ìbéèrè òkun ló pọ̀ jù lóṣù yìí, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Òńdó tí ẹ ò sún mọ́ òkun rárá! Mo rò pé fíìmù kan tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà yẹn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní omi òkun ti ń gbóná jù, àwọn iyùn inú ẹ̀ ń di funfun, wọ́n ń kú. Wọ́n tún wá ní àwọn kan wà lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá tí omi tiwọn gbóná ju ti ibi tí wọ́n ti ń kú lọ, síbẹ̀ wọ́n wà láàyè. Ṣé iyùn tiwọn yàtọ̀ ni? Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan ẹlẹ́mìí ni iyùn ni àbí òkúta? Ìyá Tọ́mi, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Màmá, ẹ kú àkíyèsí. Ẹ jẹ́ n tètè dáhùn èyí tẹ́ ẹ bi kẹ́yìn. Ẹlẹ́mìí ni o, ẹranko gan-an ni. Ẹranko kéékèèké tó pọ̀ jàra ló so mọ́ra wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju mìlímítà mélòó kan lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹnu kan ṣoṣo tó fi ń jẹun tó sì tún fi ń yàgbẹ́ (ẹ forí jì mí), àwọn ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wá yí ẹnu náà ká. Bílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á na àwọn ọwọ́ yẹn síta, wọ́n á máa fi mú kòkòrò omi tó bá ń kọjá. Òkúta tẹ́ ẹ rí yẹn, ilé tí wọ́n fi ẹfun mọ sábẹ́ ara wọn ni.

Ṣùgbọ́n kòkòrò omi nìkan kọ́ ló ń bọ́ wọn o. Nínú ẹran ara wọn gan-an ni àwọn ewéko tíntìntín kan ń gbé, irú algae tó máa ń sọ omi di àwọ̀ ewé yẹn. Algae yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ ó sì ń fún iyùn níbẹ̀, ó lè tó 90 nínú 100 agbára tí iyùn ń lò, òun náà ló sì fún un ní àwọ̀ tó ní. Tómi bá wá gbóná jù tí oòrùn sì ń ta, iṣẹ́ yẹn á dàrú mọ́ algae lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú irú ọ́síjìn burúkú kan tó ń ba ẹran ara jẹ́ sínú iyùn, iyùn náà á wá lé e jáde. Bó bá ti lé e tán, ara ẹ̀ ò ní àwọ̀ kankan mọ́, egungun funfun inú ẹ̀ lẹ ó máa rí láti ìta. Kò tíì kú o! Ebi ló ń pa á. Tómi bá tètè tutù, algae lè padà wá, àmọ́ tí ooru yẹn bá ń bá a lọ bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa torí òun ni ìdáhùn yín. Kò sí iye dígírì kan tómi á dé tí gbogbo iyùn ayé á kú. Ohun tí iyùn mọ́ lára lágbègbè tiẹ̀ ló ń bá a lò. Tómi bá ti fi dígírì 1 péré ga ju bó ṣe máa ń gbóná tó níbẹ̀ nígbà ooru tó le jù, tó wá dúró bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù kan, wàhálà ti dé. Lọ́pọ̀ ibi, 30 tàbí 31 ti tó láti dá wàhálà yẹn sílẹ̀. Ní etíkun Abu Dhabi, lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá tẹ́ ẹ sọ yẹn, 34 sí 35 ni wọ́n ń rí lọ́dọọdún bí ẹni tí ò rí nǹkan kan. Algae inú tiwọn yàtọ̀, irú kan tó gba ooru dáadáa ni, ọdún 2015 làwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ. Òkun yẹn fúnra ẹ̀ ò sì jìn rárá, ilẹ̀ gbígbẹ ni láyé ìgbà tí yìnyín bo apá tó pọ̀ láyé, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọbẹ̀ nígbà tí yìnyín yọ́ ni. Iyùn tó bá omi wọlé tí ò lè fara da ooru ibẹ̀ kú, èyí tó fara dà á ló bímọ, ọmọ ọmọ àwọn yẹn ló wà níbẹ̀ lónìí.

Kì í ṣe ìran nìkan náà o. Erékùṣù kékeré kan wà tó ń jẹ́ Ofu, ní American Samoa, níbi tí omi ti máa ń há sínú àwọn kòtò àárín àpáta tí òkun bá ti fà sẹ́yìn. Láàárín wákàtí mélòó kan omi inú kòtò yẹn lè gbóná dé 34 tàbí 35, kí òkun tó padà dé tó máa tutù. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Steve Palumbi àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé iyùn láti kòtò tó tutù lọ sí èyí tó gbóná, kó tó pé ọdún méjì àwọn tí wọ́n gbé lọ ti ń gba ooru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iyùn kan náà o, kì í ṣe ọmọ wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣe nọ́sìrì kòkó rí ò ní í yà yín lẹ́nu. Ta ló ń ṣí gbogbo imọ̀ ọ̀pẹ kúrò lórí ọmọ kòkó lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ kí oòrùn lè mọ́ ọn lára.

Àwọn kan sì wà, ọ̀kan wà ní Hawaii, tó jẹ́ pé tí algae bá ti jáde nínú wọn wọ́n á kàn tẹra mọ́ kòkòrò omi ni, wọ́n á máa jẹ ẹ́ ní ìlọ́po ìlọ́po, ìyẹn nìkan á sì tó wọn gbé títí ara á fi yá. Èmi ì bá fẹ́ràn kí n jẹ́ irú yẹn ká ní iyùn ni mí. Àwọn mìíràn á ṣe àwọ̀ pọ́pù tàbí píǹkì tó ń tàn yòò kí oòrùn má baà ta wọ́n jù kí algae lè rí àyè padà wọlé.

Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ má rò pé àwọn ti Abu Dhabi ti bọ́ o. Lọ́dún 2017 ooru tún ga ju èyí tó mọ́ wọn lára lọ, ọ̀pọ̀ wọn funfun, ọ̀pọ̀ sì kú. Dígírì 1 yẹn náà ló ń ṣe wọ́n.

Bọ̀dá, ọ̀nà Ọ̀dà ni mo ti ń sin àrọ̀. Ooru oṣù kẹta yẹn, ẹja á máa yọ ẹnu sókè ní ìdájí, ó sì kú púpọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí iyùn tó gba ooru bá wà, kí ló dé tí wọn ò kó o lọ gbìn síbi tí tibẹ̀ ti ń kú? Àwa tá a bá gbọ́ pé ẹnì kan ní irú ẹja tó dáa, a ó lọ rà á ni. Alágbàtà Ẹja, Àkúrẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á dá a padà. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀, algae inú pọ́ńdù náà sì máa ń bá ẹja pín in lóru torí kò sí oòrùn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìdájí ni wọ́n ń yọ ẹnu. Àmọ́ àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ lókè omi, nítorí náà tó bá wá ń kú, ẹ wo ọ̀rọ̀ ammonia náà, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù tó ń jẹrà nísàlẹ̀ ló ń mú un wá, ooru ló sì ń sọ ọ́ di májèlé tó le. Ẹ dín oúnjẹ kù tóoru bá mú, kí ẹ máa pààrọ̀ omi, kí ẹ má sì kó ẹja há mọ́ra jù. Ẹ wò ó, ẹja tiyín ń wá ọ́síjìn ò rí, iyùn ní tiẹ̀, èyí tó wà nínú ẹ̀ ti pọ̀ jù ló ń bà á jẹ́.

Ká wá sọ ti gbígbìn. Omi Abu Dhabi yẹn níyọ̀ ju ti òkun yòókù lọ. Omi òkun lásán, nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú kílò kan, tiwọn ju 40 lọ. Nígbà táwọn onímọ̀ kó iyùn ibẹ̀ sínú omi tí iyọ̀ ẹ̀ mọ níwọ̀n, ooru tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ò gbà á mọ́! Inú iyọ̀ yẹn ni agbára ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ká tiẹ̀ ní algae nìkan la fẹ́ pààrọ̀. Ní Great Barrier Reef, òkìtì iyùn ńlá tó wà ní Australia, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé iyùn tó pààrọ̀ algae ẹ̀ sí irú tó gba ooru jèrè bíi dígírì 1 sí 1.5. Ìyẹn kì í ṣe kékeré lójú iyùn. Ṣùgbọ́n algae yẹn ahun ni, oúnjẹ tó ń fún iyùn ò tó ti èkejì, ọmọ iyùn tó bá gbé e á máa dàgbà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja, ẹ mọ ohun tí ẹja tí kì í tètè tóbi ń ná èèyàn.

Àwọn onímọ̀ iyùn méjì, Ruth Gates, tó ṣiṣẹ́ ní Hawaii kó tó kú lọ́dún 2018, àti Madeleine van Oppen ní Australia ló ta kú pé kí wọ́n máa ran iyùn lọ́wọ́ báyìí, kí wọ́n máa yan èyí tó lágbára láti fi bímọ, kí wọ́n máa tọ́ algae nínú ooru. Mo fara mọ́ wọn, ó sàn ju kéèyàn jókòó lọ. Àmọ́ Great Barrier Reef nìkan gùn ju kìlómítà 2,300 lọ, ìyẹn ju ìlọ́po méje ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Èkó. Ta ni ó gbìn ín tán? Ó sì ti funfun káàkiri ní 1998, 2002, 2016, 2017, 2020, 2022 àti 2024, ẹ wo bí àárín wọn ṣe ń kúrú. Iyùn nílò bí ọdún mẹ́wàá, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó lè padà sípò.

Ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé iyùn tí à ń wọ̀ sọ́rùn náà ló ń kú yìí? Ṣé kí n tètè lọ rà á ni? Ìyá Ìyàwó, Ọjà Ọba

Ẹ kú oríire o! Rárá, ìbátan ni wọ́n. Iyùn pupa tòótọ́, òkun Mẹditaréníà ló pọ̀ sí, lápá Ítálì, Tùnísíà àti Algeria. Ibi tó ṣókùnkùn ló ń gbé, inú ihò àti abẹ́ àpáta, kò ní algae nínú ara, ohun tí omi bá gbé kọjá ló ń jẹ. Nípa bẹ́ẹ̀ kì í funfun bí àwọn tòkè yẹn, àmọ́ ooru ṣì lè pa á, ó pa á lọ́dún 1999 lẹ́bàá etíkun Faransé àti Ítálì. Kì í sì í tètè dàgbà, kì í fi odindi mìlímítà kan sanra lọ́dún, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ́n. Ní ti kí ẹ tètè lọ rà á, ẹ mú ẹni tó mọ iyùn dání lọ ni, torí ike àti gíláàsì ló pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní iyùn lọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ayétòrò ní Ìlàjẹ ni mí, ilé ìwé ló gbé mi wá sí Òńdó. Òkun ti gba ilé wa. Mo kà á pé òkìtì iyùn máa ń dá ìgbì dúró. Ṣé a ò lè gbìn ín sọ́dọ̀ wa? Akẹ́kọ̀ọ́, Òńdó

Àbúrò, ẹ kú ìrọ́jú, mo mọ ohun tójú yín ń rí lọ́hùn-ún. Òótọ́ lo kà. Òkìtì iyùn tó wà láàyè lè gba tó 97 nínú 100 agbára ìgbì kó tó dé èbúté. Ṣùgbọ́n algae inú iyùn nílò ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì nílò omi tó mọ́. Ẹrẹ̀ ni etíkun Ìlàjẹ, ìwọ alára mọ̀, omi ibẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ á bo ọmọ iyùn mọ́lẹ̀ kó tó dìde. Tó o bá fẹ́ rí iyùn nítòsí wa, São Tomé àti Príncipe ni wàá lọ, níbi tí omi ti mọ́ tí àpáta sì wà nísàlẹ̀. Ògiri òkúta létí omi ni kẹ́ ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ìjọba, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ iyùn dá yín dúró.