Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà fún ọkàn tí kò balẹ̀: ṣé ẹ̀sìn gbà á?

ÌBÉÈRÈ

As-salāmu alaykum, Àáfà wa. Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lọ́dún tó kọjá, àwọn agbébọn dá mọ́tò wa dúró lójú ọ̀nà, Ọlọ́hun sì kó wa yọ. Àtìgbà náà ni oorun ti dá lójú mi. Àyà mi á máa lù kìkì lóru, èjìká mi á le bí igi. Wọ́n yẹ̀ mí wò ní ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru díẹ̀, mo sì ń lo oògùn tí wọ́n fún mi. Dókítà kan l'Adó wá sọ pé òun kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà, pé ó lè bá mi dẹ ara. Ìyá ọkọ mi ní gbẹ́rẹ́ ni, pé wọ́n kàn wọ aṣọ funfun fún un ni. Ọkọ mi kò kọ̀, àmọ́ ọkùnrin ni dókítà náà. Mo sì máa ń gba ààwẹ̀ Àtìní àti Àlàmísì. Ẹ dákun, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Wa alaykumu-s-salām, arábìnrin mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà ọjọ́ náà. Al-hamdu lillāhi tó dá ẹ̀mí yín sí.

Àwọn ará wa kan wà tó jẹ́ pé bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ báyìí, “Ẹ wá ìmọ̀ títí dé ilẹ̀ Ṣáínà” ni wọ́n máa ń fà yọ. Àwọn onímọ̀ hádíìsì kò gbà pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ló sọ ọ́, nítorí náà n kò ní gbé ẹrù yín lé e. Èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà nínú ìwé hádíìsì Abū Dāwūd, láti ẹnu Usāmah ọmọ Sharīk, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábé. Àwọn ará oko bi Ànábì bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn, ó ní kí wọ́n wá a, nítorí pé Ọlọ́hun kò dá àrùn kan láì dá oògùn rẹ̀, àfi ọ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ogbó. Kò sọ pé kí oògùn náà ti Mẹ́kà wá.

Ká wá wo abẹ́rẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, kò ní ihò nínú, kò sì fi omi tàbí oògùn kankan sára. Wọ́n á gún un sí awọ ara níbi mélòó kan, wọ́n á fi sílẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, wọ́n á yọ ọ́. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é ní Ṣáínà. Àlàyé àwọn baba ńlá wọn ni pé èémí kan wà tí wọ́n ń pè ní qi, tó ń gba ojú ọ̀nà kiri ara, pé bí ọ̀nà bá dí, àìsàn dé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ti máa ń fura. Ẹ rántí pé Ibn Sīnā, oníṣègùn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ tí gbogbo wa fi ń yangàn, orí ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti òróòro oríṣi méjì ló gbé ìṣègùn tirẹ̀ kà. Àlàyé yẹn ti di àtijọ́. N kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan sọ ẹni tó lo oògùn rẹ̀ di kèfèrí.

Àwọn oníṣègùn òde òní ní àlàyé mìíràn. Bí paramọ́lẹ̀ bá yọ sí yín lójú ọ̀nà oko, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí kókó kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, àwọn náà á da èròjà tí wọ́n ń pè ní adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù, ẹran ara á le, oorun á sá. Àánú Ọlọ́hun ni. Ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn rí ẹsẹ̀ sá nìyẹn. Bí ejò bá ti lọ, iṣan gígùn kan tí wọ́n ń pè ní vagus, tó ti ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ sí àyà àti ikùn, á bá ara rọ ohùn. Ọ̀rọ̀ tiyín ni pé ejò ti lọ láti ọdún tó kọjá, ara yín kò tíì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 2021, àwọn olùwádìí kan láti yunifásítì Harvard l'Amẹ́ríkà fi abẹ́rẹ́ àti iná mànàmáná díẹ̀ gún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn eku, ní ojú ibi tí ìwé àwọn ará Ṣáínà ti sàmì sí lábẹ́ orúnkún. Iṣẹ́ náà gba iṣan vagus yìí lọ bá kókó orí kíndìnrín, ara eku tó ń gbóná nítorí oró àìsàn sì rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi irú iná kan náà sí ikùn, kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ eku ni o. Ní ti èèyàn, wọ́n ti dán an wò pé kí wọ́n gún ibi tí kì í ṣe ojú rẹ̀, tàbí kí wọ́n lo abẹ́rẹ́ tí kì í wọlé rárá, ara ọ̀pọ̀ wọn náà sì fúyẹ́. Ìyàtọ̀ àárín èyí àti ojúlówó kì í sábà tó nǹkan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù torí abẹ́rẹ́, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyá. Ìyá kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Ojú abẹ ti gbẹ́rẹ́ kọ́ ló bà á jẹ́, nítorí hìjámà, ìyẹn fífi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára, tí Ànábì fúnra rẹ̀ ṣe náà, abẹ ni wọ́n fi ń sín in. Ohun tó ba gbẹ́rẹ́ jẹ́ ni ọfọ̀ tí wọ́n ń pè sí i àti ẹni tí wọ́n ń fi ọfọ̀ náà ké pè. Ẹ wo omi Ìkógosì tiwa níhìn-ín, níbi tí gbígbóná àti tútù ti pàdé láì dàrú. Mùsùlùmí tó lọ wẹ̀ níbẹ̀ kí oríkèé rẹ̀ lè rọ̀ kò jẹ̀bi nǹkan kan. Èyí tó kúnlẹ̀ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ omi ti ṣẹbọ, omi kan náà sì ni. ‘Awf ọmọ Mālik, Sàhábé kan, sọ pé àwọn máa ń sà rúkíyà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà sí aláìsàn lára, láyé àìmọ̀kan. Ànábì ní kí wọ́n gbé e wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò sí aburú níbẹ̀ tí kò bá ti ní ẹbọ nínú. Imām Muslim ló gbà á wá nínú ìwé hádíìsì rẹ̀. Bí oníṣègùn bá ní kí ẹ pe orúkọ kan, kí ẹ tan tùràrí fún ère, tàbí kí ẹ so ǹkan mọ́ra fún ààbò, ọ̀ràn ti yí padà. Bí kò bá sí èyí, ìtọ́jú lásán ni, ó sì tọ́ fún yín.

Ààwẹ̀ kò bàjẹ́, nítorí kò sí ohun tó dé ọ̀nà ọ̀fun. Síbẹ̀, wọ́n bi Anas ọmọ Mālik, Sàhábé Ànábì, bóyá wọ́n kórìíra hìjámà fún aláàwẹ̀, ó ní rárá, àfi nítorí àárẹ̀. Òòyì a máa kọ́ ẹlòmíràn lórí abẹ́rẹ́ yìí bí inú rẹ̀ bá ṣófo, nítorí náà ẹ mú ọjọ́ mìíràn yàtọ̀ sí Àtìní àti Àlàmísì. Tó bá bọ́ sí Rámádàánì, kó di ẹ̀yìn ìṣínu.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá kán kò ba àlùwàlá jẹ́ ní mázíhábù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Imām Mālik tí à ń tọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ fọ̀ ọ́ nù. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé wọ́n á sùn lórí bẹ́ẹ̀dì náà, pàápàá ẹni tí kò tíì rí oorun sùn látọjọ́ yìí. Bí oorun bá wọra, àlùwàlá ti lọ. Wọ́n sì máa ń lẹ hóró èso kékeré mọ́ etí kan kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ìwẹ̀ ọ̀ranyàn bá dé, ẹ ṣí i kí omi dé awọ. Bí ṣíṣí rẹ̀ bá máa pani lára, ẹ fi ọwọ́ tútù pa á lórí.

Ní ti pé ọkùnrin ni, ẹ kọ́kọ́ wá obìnrin tó mọ iṣẹ́ náà dénú. Umm Salamah, ìyàwó Ànábì, tọrọ àyè láti ṣe hìjámà, Ànábì sì ní kí Abū Taybah ṣe é fún un. Ẹni tó gba hádíìsì náà wá ní òun rò pé arákùnrin rẹ̀ nípa ọmú ni, tàbí ọmọdé tí kò tíì bàlágà. Ẹ rí i pé àwọn aṣáájú kò fojú kéré ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ kò bá wá rí obìnrin, ìnira ti ṣílẹ̀kùn, àmọ́ ìwọ̀n ìnira ni ilẹ̀kùn máa ṣí mọ. Ọwọ́, ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ àti etí ti tó fún irú àìsàn yín, ẹ má bọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kí ojú má tì yín. Ànábì ní ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn tí a kò mọ ìṣègùn mọ́ ọn, òun ni yóò san gbèsè ohun tó bá bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ tuntun ni kó tú níṣojú yín, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ tí abẹ́rẹ́ àlòtúnlò ń gbé kiri. Ẹ sọ oògùn tí ẹ ń lò fún un, àgàgà bó bá jẹ́ èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ má sì jẹ́ kó gún àyà yín jìn.

Kò sì yẹ kí ẹ̀yin àti òun nìkan wà nínú yàrá tí wọ́n pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Ẹ bá mi bẹ ìyá ọkọ yín kí wọ́n tẹ̀ lé yín lọ l'Adó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Bó bá pe ọfọ̀, àwọn gan-an ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.