Àmù ìyá àgbà: kí ni ilà tó wà léjìká ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé wa ní Ojé là ń tún ṣe la bá bá àmù ìyá tó bí bàbá wa nínú yàrá ẹ̀yìn, ìdí ẹ̀ rìbìtì kò lè dá jókòó, ọrùn ẹ̀ tín-ín-rín, ilà wínníwínní wá yí èjìká ẹ̀ po. Àbúrò mi ní ká kùn ún lọ́dà ká gbé e sí pálọ̀. Ṣé ilà yẹn nítumọ̀? Ṣé lóòótọ́ ló ti tó ọdún 200 bí wọ́n ṣe ń sọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gba ọ̀dà lọ́wọ́ àbúrò yín. Omi máa ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ lára àmù, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ ẹ gbẹ, bó ṣe ń gbẹ yẹn ló ń gbé ooru omi inú ẹ̀ lọ, òun ló jẹ́ kómi àmù tutù láìsí fíríìjì láìsí iná. Tẹ́ ẹ bá ti kùn ún, ojú ibẹ̀ dí nìyẹn.

Ẹ wá fọwọ́ pa ilà yẹn wò. Tó bá jẹ́ ojú kéékèèké tó tò tẹ̀léra bí ibi téyín àgbàdo ti yọ, ṣùkù àgbàdo ni ìyá tó mọ ọ́n yí lé e nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Tó bá rí bí okùn lílọ́, okùn ló yí sí i. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà làgbàdo ti wá, kò sì kúrò lọ́hùn-ún ṣáájú 1492, nítorí náà ìkòkò tó bá ní ojú ṣùkù lára kò lè ju nǹkan bí ọdún 500 lọ láéláé. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ó tó 200 o, torí àwọn amọ̀kòkò ò tíì fi ṣùkù sílẹ̀. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ nípa ohun àtijọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ilà yẹn kì í ṣàròkò. Ẹwà ni, ó sì ń jẹ́ kọ́wọ́ rí nǹkan dì mú tára ẹ̀ bá tutù. Ìkòkò òrìṣà lẹ máa ń rí ère lára ẹ̀, bíi tàwọn tí Àbátàn, ìyá amọ̀kòkò ará Òkè-Ọ̀dàn, mọ fún òrìṣà Ẹ̀yìnlẹ̀, tí orí obìnrin wà lórí ìdérí ẹ̀.

Ìdí rìbìtì yẹn náà, àwọn ìyá mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni: kò ní igun tí iná á ti là á nígbà tí wọ́n bá ń sun ún. Ẹ ká òṣùká fún un kó jókòó lé. Omi àti kànìnkàn nìkan ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fọṣẹ kàn án, torí amọ̀ á fà á mu, omi tẹ́ ẹ bá pọn sí i á sì máa rùn ún.